Ẹ̀rọ Tó Ń Béèrè Orúkọ Lọ́wọ́ Àgbà

Àwọn ọmọ ìjọ wa ní Òkè-Àfà, àwọn tó ń ro iṣẹ́ tí wọ́n máa fi ayé wọn ṣe, máa ń dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á ní, Màmá, ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáa? Wọ́n á ní, ṣé owó wà níbẹ̀? N kì í dá wọn lóhùn kíákíá, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ béèrè owó kò tíì béèrè iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ìyá Tósìn ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì kò ju iṣẹ́ ọlọ́dẹ lọ: ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ ńlá kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò ni mo ń ṣọ́. Èmi ni mo ń mọ ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, àti ẹni tó sọ pé òun ti jáde tí kò sì jáde. Bí ẹ bá rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni, ẹ fara balẹ̀ ná.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì gbòde ni mo jáde ìwé. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ ń hù ní Ìsọlọ̀ bí ìgbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ tí koríko ń hù. Olùkọ́ ni bàbá mi, ọmọ Èkìtì, ó sì fẹ́ kí n di olùkọ́ bíi tòun. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan tí kò jìnnà sí títì tó lọ sí Òṣòdì ń wá ọ̀dọ́ tó mọ ìṣirò. Mo lọ, wọ́n gbà mí, ìyẹn náà nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ni. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé sórí itan. Yàrá kan gbáko ni wọ́n kọ́ fún un, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù méjì sí i, a sì ní láti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí eruku má baà bá wa wọlé. Bàbá mi kò ní ẹ̀rọ amúlétutù kankan nílé, kọ̀ǹpútà ní méjì. Láti yàrá yìí ni wọ́n ti na wáyà lọ sí àwọn ọ́fíìsì inú ọgbà. Ní ìparí wáyà kọ̀ọ̀kan ni ohun kan wà tó ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n àti bọ́tìnnì bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Tẹ́míná là ń pè é. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà lọ́dọ̀ wa ló ń sin gbogbo wọn pa pọ̀, ó sì ní láti mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí wáyà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín kí aago ìjáde tó lù. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dọ́ba, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi ń bá wa wí, ó ní ìbáwí kì í wọni lára dáadáa lédè àlejò. Fún ìgbà pípẹ́ ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo kàn ń jókòó tì í, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, bí mo bá sì béèrè ìbéèrè, òun náà á fi ìbéèrè dá mi lóhùn. Mo sunkún délé lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá mi á ní ṣé òun ò ti sọ fún mi pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí gbogbo àwa tó ń kọ́ṣẹ́ dìde. Ó fi ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìwọ ni onígéètì, iṣẹ́ rẹ ni kó o máa béèrè pé, ta nìyẹn? Ó fi ẹnìkejì sẹ́yìn ìyẹn, ó ní ìwọ ni alàyẹ̀wò. Bí onígéètì bá ti gba orúkọ, ìwọ lo máa béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n ń pè ní pásíwọọ̀dù, tí kì í hàn lójú tẹ́míná bí ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ mu, yà lọ́nà, kó o sì fi ìránṣẹ́ kan tì í. Ẹnìkẹta ni ìránṣẹ́. Ohun tí àlejò bá ní kó ṣe ni yóò máa ṣe, títí àlejò á fi sọ pé òun ń lọ. Gbogbo àkókò tí àlejò àti ìránṣẹ́ fi wà pọ̀, láti ìwọlé dé ìjáde, òun là ń pè ní ìjókòó. Bí àlejò bá jáde, ìránṣẹ́ á kú, onígéètì tuntun á dé ẹnu ọ̀nà, á tún máa béèrè pé, ta nìyẹn?

Èmi ni àlejò. Mo dárúkọ, mo sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n fi ìránṣẹ́ tì mí, mo jókòó. Ọ̀gá ní kí n lọ bu omi wá. Bí mo ṣe dìde, ó jókòó sórí àga mi, ó sì ní kí ìránṣẹ́ lọ ju bàtà mi sínú gọ́tà. Ìránṣẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lọ, torí ó mọ̀ pé èmi kọ́ ló ń rán òun. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Àwa Yorùbá la máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ ò ní ojú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń bi ọ́ pé ta ni ọ́, ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó síbẹ̀, ìwọ nìyẹn. Ìránṣẹ́, lọ ju bàtà ẹ̀."

Bàtà mi wọ gọ́tà lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá dìde nídìí tẹ́míná láìjáde ìjókòó rẹ̀ mọ ìyà tó ń dúró dè é: á lọ dúró ti ọlọ́dẹ ní géètì ńlá, nínú oòrùn, á máa béèrè orúkọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń wọlé. Mo ti jẹ ìyà náà rí. Àwọn awakọ̀ tírélà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ọgbà yẹn tí apá Ọ̀gá Ṣówándé kò ká. Òun ni olórí àwọn tó ń tọ́jú aṣọ ní sítọ́ọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Sítọ́ọ̀. Ọmọ Oǹdó ni, díákónì ni ní ìjọ rẹ̀ ní Òkòtà, ó sì ti wà nílé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó mọ odi rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé tẹ́míná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wo ìbéèrè tó wà lójú rẹ̀, ó ní èmi ni nǹkan yìí ń bi ní orúkọ, láàárọ̀, tí kò tíì kí mi? Wọ́n bá a dárúkọ. Ní ọjọ́ kejì ẹ̀rọ tún béèrè. Bàbá ní òun ò rí irú ọmọ àìlẹ́kọ̀ọ́ báyìí rí, tí wọ́n á sọ orúkọ àgbà fún lánàá, tí á tún padà wá bi í lónìí. A rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀nà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbà yanjú ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀nà tí ọmọ Yorùbá èyíkéyìí máa gbà. Àǹtí Rẹ̀mí, akọ̀wé rẹ̀, á tètè dé láàárọ̀, á nu tábìlì Bàbá, á gbé omi mímu rẹ̀ síbẹ̀, á sì bá a tẹ orúkọ àti pásíwọọ̀dù rẹ̀. Bí Bàbá bá dé, ẹ̀rọ ti ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ìjókòó yẹn á sì wà ní ṣíṣí títí di ìrọ̀lẹ́, yálà Bàbá wà nídìí rẹ̀ tàbí kò sí. Gbogbo wa ló rí i, a sì ń sọ pé Àǹtí Rẹ̀mí ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ọ̀gá Ṣówándé lọ bá Bàbá lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣàlàyé fún un pé ohun tí wọ́n ń ṣe léwu. Bàbá bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, ó sì ní kó máa lọ. Ọ̀gá padà wá sí yàrá wa. Kò lọ mọ́. Bó bá ti ń kọjá níwájú sítọ́ọ̀, á máa wo ẹ̀gbẹ́ kejì.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá lọ sí Àpápá nítorí ẹrù aró tí wọ́n ń retí. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi pọ̀ lórí omi débi pé ẹrù kì í tètè rí ibi sọ̀ nìyẹn. Àǹtí Rẹ̀mí gbé ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lọ fún ní ọmú lẹ́yìn ilé. Ẹnì kan jókòó sídìí tẹ́míná Bàbá, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ pé kí wọ́n tú aṣọ sílẹ̀, ẹ̀rọ sì tẹ ìwé àṣẹ géètì jáde pẹ̀lú orúkọ Bàbá. Ọkọ̀ ńlá kan kó aṣọ náà, ọlọ́dẹ rí ìwé àṣẹ, ó ṣí géètì fún un, ó sì tún kí i pé ó dàbọ̀. A ò rí aṣọ náà mọ́ títí dòní, wọn ò sì mú ẹni tó kó o.

Bàbá ni wọ́n mú. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀ lójú àwọn mánéjà. Ọ̀gá Ṣówándé mú mi dání kí n lè fi ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà ṣiṣẹ́ hàn wọ́n. Bàbá jókòó, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Ọdún tó ń bọ̀ ló yẹ kó fẹ̀yìn tì.

Ọ̀gá àgbà kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ò mọ ẹnikẹ́ni rí, kò sì ní ìdí tó fi máa purọ́ mọ́ yín. Orúkọ yín ló tú aṣọ sílẹ̀. A mọ̀ pé Àpápá lẹ wà. Ta lẹ wá fún ní pásíwọọ̀dù yín?"

Bàbá ní òun ò ní ẹni tí òun máa dárúkọ. Wọ́n tún bi í, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ nígbà náà, ó ní kò burú. Inú mi bàjẹ́, torí èmi àti Ọ̀gá Ṣówándé mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá dárúkọ Àǹtí Rẹ̀mí, obìnrin náà á sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá tòun tọmọ lẹ́yìn. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ti ń gbé igbá ọrẹ nínú ìjọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi máa di olè lójú gbogbo Òkòtà. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ó sì ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ níṣojú wa.

Nígbà náà ni Ọ̀gá Ṣówándé dìde. Mo rò pé bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fẹ́ ṣàlàyé.

Ó ní, "Ẹ̀rọ ò purọ́, sà. Ohun tó mọ̀ ló sọ. Ó mọ̀ pé wọ́n dárúkọ Bàbá lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Kò mọ ọwọ́ tó wà lórí bọ́tìnnì lọ́sàn-án, kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ fún Bàbá lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Tí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú oòrùn ni mò ń fi wọ́n sí. Bàbá jù mí lọ, mo wá panu mọ́. Ẹnu ọ̀nà yẹn, èmi lẹ fi ṣọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá máa mú ẹnì kan, ẹ mú mi."

Kò tíì jókòó tí Àǹtí Rẹ̀mí fi ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó ti ń dúró ní kọ́rídọ̀ látàárọ̀. Ó kúnlẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn, ó ní òun lòun ń bá Bàbá tẹ̀ ẹ́, òun ò mọ̀ pé ó lè di báyìí, pé bí òun ṣe ń bá bàbá tó bí òun gbé àga síta nílé lòun ṣe ń ṣe é. Bàbá fi fìlà bo ojú. Òun tí kò sunkún nígbà tí wọ́n dárúkọ ọlọ́pàá, ó ń sunkún báyìí.

Wọn ò pe ọlọ́pàá mọ́, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọwọ́ báyìí ló ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Bàbá máa lọ sílé kó máa sinmi, láìsí ìdágbére, láìsí ẹ̀bùn. Wọ́n gbé Àǹtí Rẹ̀mí lọ sí ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ò ti jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọ̀gá Ṣówándé kọ̀wé pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kó tó lọ, ó mú mi dání lọ sílé Bàbá ní Òkòtà. Ìyàwó Bàbá ló ṣílẹ̀kùn, kò kí wa dáadáa, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ó ní ìjọ ti sọ pé kí Bàbá má gbé igbá ọrẹ mọ́ ná, títí ọ̀rọ̀ náà á fi tán nílẹ̀. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá kò tíì ní kó dìde.

Ó ní, "Ṣówándé, lọ́jọ́ tí mo lé ọ jáde ní sítọ́ọ̀, kí ló dé tó ò padà wá?"

Ọ̀gá dáhùn nílẹ̀ tó wà pé, "Ẹ jù mí lọ, sà."

"Mo jù ọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o padà wá. Ẹni tí a ò kà sí là ń wò níran kó ṣubú."

Lẹ́yìn náà ó ní kó dìde, ó sì ní kí ìyàwó òun fún wa ní nǹkan jẹ. A jẹun nínú ilé yẹn. Ìjọ gbé igbá ọrẹ padà fún Bàbá lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Ara rẹ̀ kò le mọ́ nígbà náà, ó sì dá a padà fún wọn pẹ̀lú ọpẹ́.

Àga Ọ̀gá Ṣówándé bọ́ sí mi lọ́wọ́, n ò sì tíì yẹ fún un. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Bàbá ní sítọ́ọ̀ ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ní òwúrọ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó ní kí n bá òun tẹ orúkọ òun. Mo kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, mo sì sọ fún un lórí ìkúnlẹ̀ pé kó má bínú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa fi tẹ̀ ẹ́, àti pé bó bá dìde lọ jẹun, kó kọ́kọ́ jáde ná. Ó ní ta ló bí mi. Mo dárúkọ bàbá mi fún un, mi ò sì dìde títí ó fi tẹ̀ ẹ́. Ní òwúrọ̀ kejì mo tún lọ kúnlẹ̀.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Owó epo wá gbẹ lápò ìjọba, ilé iṣẹ́ aṣọ kógbá sílé, mo sì bá iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn, ní Òṣòdì. Ẹ̀rọ tuntun tí mo bá níbẹ̀ kò ga ju fìríìjì lọ, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Unix ló ń darí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí n tó jókòó tì í. Nígbà tí mo wá yẹ inú rẹ̀ wò, onígéètì ni mo bá, alàyẹ̀wò ni mo bá, ìránṣẹ́ ni mo bá, orúkọ òyìnbó nìkan ni wọ́n fún wọn. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé iṣẹ́ kan lè bí iṣẹ́ mìíràn nínú ẹ̀rọ, tí ìyá á kú tí ọmọ á ṣì máa rìn káàkiri, tó jẹ́ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó jí nínú ẹ̀rọ ló máa gbà á tọ́. Bó ṣe ń rí ní agboolé wa náà nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba wáyà tẹlifóònù wọnú ẹ̀rọ láti ilé rẹ̀. Lónìí, wọ́n ń jókòó sí Amẹ́ríkà, wọ́n ń wọ ẹ̀rọ tó wà ní Ìsọlọ̀. Tẹ́míná ti di ohun ìrántí. Ìbéèrè ẹnu ọ̀nà kò yí padà: ta nìyẹn, kí sì ni ẹ̀rí rẹ?

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ra kéèkì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sọ̀rọ̀ mi dáadáa. Kẹ́mi, tó máa gba ipò mi, wá sọ ọ́ sí mi létí pé àwọn ti jọ sọ ọ́, àwọn ò ní pa orúkọ mi rẹ́ lórí ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó lè pa orúkọ ìyá rẹ̀ rẹ́, ó ní. Á kàn máa wà níbẹ̀ fún ọlá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá sọ ìtàn Bàbá Sítọ́ọ̀ fún un ní ìdúró, kéèkì lọ́wọ́ mi. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní, "Màmá, tèyin ò lè rí bẹ́ẹ̀ láé." Mo ní ohun tí gbogbo wa rò nípa Bàbá Sítọ́ọ̀ náà nìyẹn.

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ó pàṣẹ pé kí orúkọ mi kúrò. Ẹ̀rọ kọ̀, ó ní ẹni tó ni orúkọ náà ṣì wà nínú ilé, torí mi ò tíì jáde nínú ìjókòó tí mo ṣí láàárọ̀. Kẹ́mi wò mí, ó rò pé mo máa ní kó fi í sílẹ̀. Mo lọ sídìí àga mi, mo tẹ̀ ẹ́ pé mo ti ń lọ, onígéètì tuntun sì béèrè orúkọ lójú ẹ̀rọ. Mi ò dá a lóhùn.

Kẹ́mi tún pàṣẹ náà. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ṣùgbọ́n ó ṣe é títí ó fi parí, kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ọmọ náà kà mí sí, kò fẹ́ wò mí níran kí n ṣubú.